Bí Mo Ṣe Fún Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́rùn Lórí Pátákó Ṣẹ́ẹ̀sì

Ọjọ́ Kérésìmesì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní fàrándà ilé wa ní Kabba.

Tíṣà ni bàbá mi ní Aiyetoro-Gbede kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ ọkùnrin yìí ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó ń wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti Abuja dé, ó kí wa ní "Okun o" bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń kíni, ó sì tẹ́ pátákó síwájú bàbá. Bàbá na ọwọ́ sí ẹṣin, ọwọ́ gbọ̀n, ó kan ayaba.

"Ẹ ti fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ayaba lẹ máa gbé. Òfin lòfin."

Bàbá gbé ayaba síbi tí wọ́n ti máa pa á. Nígbà tí eré parí, ọkùnrin náà ya fọ́tò bàbá mi níwájú pátákó, ó fi í sórí Wasáàpù ẹbí: "Olùkọ́ ti di akẹ́kọ̀ọ́ o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ń bu ìrẹsì lọ́wọ́, ẹ̀rín kankan ò wá. Mo sọ nínú ara mi pé màá fìyà jẹ ọkùnrin yìí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní. Bí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń bá fóònù ta ṣẹ́ẹ̀sì. Mo há bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sórí: ọmọ-ogun iwájú ayaba á lọ síwájú ní ojú méjì, ti ọ̀tá á jáde wá kò ó lójú, lẹ́yìn náà ni màá ti ọmọ-ogun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta níbi tí wọ́n ti lè pa á lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù ń nà mí ṣáá. N kò mọ ìdí tí èèyàn á fi ta ọmọ-ogun rẹ̀ lọ́rẹ.

Mo lọ bi bàbá.

"Tó bá pa á, ó ti fi àárín pátákó sílẹ̀ fún ẹ nìyẹn," ó ní, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀. "Tí kò bá pa á, ìwọ pa tirẹ̀ tó wà láàárín, kó fi òmíràn pa tìẹ dípò." Ó fi ọwọ́ òsì tò ó fún mi. "Wò ó, lápá ayaba níbí, ọmọ-ogun méjì ló kù fún ẹ, òun ní mẹ́ta. Máa ti méjì yẹn lọ bá mẹ́ta rẹ̀."

"Ṣé méjì lè borí mẹ́ta ni?"

"Wọn ò fẹ́ borí. Wọ́n á bá tirẹ̀ pa ara wọn, ọ̀kan á wá kù tí kò ní ọmọ-ogun kankan tó lè gbè é lẹ́yìn. Òun ni kó o dojú kọ. Gbogbo èèyàn rẹ̀ á jókòó tì í. Má sáré."

Ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ bá ta á. Mo ní fóònù ni.

Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo tẹ́ pátákó síwájú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyàwó mi kékeré, ìwọ náà mọ ṣẹ́ẹ̀sì?"

"Ẹ kọ́ mi, Bọ̀dá."

Ó kọ ọrẹ tí mo fi lọ̀ ọ́, bí mo ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́. Mo pa tirẹ̀ láàárín, ó pa tèmi dípò. Àwa méjèèjì fi ọba wa pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó ń kó ogun bọ̀ lápá ọba mi, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń mi ẹsẹ̀. Èmi ń ti ọmọ-ogun kékeré mi lọ lápá kejì.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Mo tún tì í síwájú. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun náà pa ara wọn tán, ọ̀kan tirẹ̀ kù síbẹ̀ láìní alátìlẹ́yìn. Mo gbé ilé-ìṣọ́ méjèèjì kọjú sí i, mo fi ayaba àti ẹṣin kún un. Gbogbo èèyàn rẹ̀ sáré wá ṣọ́ ọ. Ó gbàgbé ẹ̀pà.

"Jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì."

"Rárá o, Bọ̀dá."

Mo lè ti pa ọmọ-ogun náà nígbà yẹn. N kò pa á. Mo dìde lọ bu omi mu, mo sì fara balẹ̀ mu ún, kó lè máa wo ara rẹ̀ níbi tó há sí. Ó dùn mọ́ mi ju omi lọ. Nígbà tí mo padà dé, mo pa á, gbogbo ilé rẹ̀ sì wó.

"Dádì, ṣé àǹtí nà yín ni?" ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í.

Mo ya fọ́tò ojú rẹ̀. Mo fi í sórí Wasáàpù ẹbí láìkọ ohunkóhun sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi ní kíṣìnnì. "Ṣé inú ẹ dùn báyìí?"

"Ó dùn."

"Ọkọ mi ni o."

"Bàbá wa ló fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Kí ọdún tuntun tó dé ni wọ́n ti kẹ́rù padà sí Abuja. Bàbá gbọ́ ohun tí mo ṣe, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó ní àna òun ni, kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n gbé pátákó wá, kí n fi hàn òun bí mo ṣe ta á. Mo tò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ọkùnrin náà ti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀mì, bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ nìkan ló ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì mí pẹ́. Ìyẹn dùn mí. Síbẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá yọjú lọ́la, màá ní kó jókòó, màá tún nà án.