Láti Ìtúnu Àwẹ̀ Dé Iléyá, Mi Ò Rajà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àlàáfíà fún yín o. Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ní mi ò ní rajà mọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá hìjáàbù mi lórí wọ́dúróòbù, ni kúlà oúnjẹ kan bá já lé mi lórí. Kúlà tuntun, inú ọ̀rá ló ṣì wà! Mo wòkè, mo tún rí méjì sí i. Ọkọ mi rọra bi mí pé ṣé a fẹ́ ṣí búkà ni.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi odindi oṣù kan yẹra fún oúnjẹ ọ̀sán nítorí Ọlọ́run, alihamudulilahi. Ṣé ọjà ni mi ò wá ní lè yẹra fún? Mo bá pinnu pé títí di Iléyá, yàtọ̀ sí oúnjẹ, ọṣẹ àti oògùn, mi ò ní ra nǹkan kan.

Ṣé ẹ mọ ibi tí ìdánwò mi wà? Inú fóònù! Ìyá Kudi ń ta ẹrù ilé ní Ìkòtún, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbé abọ́ àti ìkòkò tuntun sí status WhatsApp wọn. Àgbà mi ni wọ́n. Nígbà tí a kó dé Ìgandò tí mi ò mọ ẹnì kankan, àwọn ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àsàláátù. Àwọn ló wẹ Sófíà ọmọ mi títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Mo tẹ fóònù mi kó má fi status wọn hàn mí mọ́. Mi ò sì sọ fún wọn.

Ọkàn mi balẹ̀ jàre!

Lọ́jọ́ Sánńdè kan, mi ò rí Ìyá Kudi ní àsàláátù. Ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò rí wọn. Mo ní ọjà ló dí wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, arábìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ni Ìyá Kudi ṣe fún mi gan-an? Ó ní wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ wọn dá, POP ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà ní títì. Orí status ni wọ́n ti ní ká fi àdúà ran àwọn lọ́wọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ kí wọn, èmi nìkan ló kù!

Mo sáré se ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀, mo bù ú sínú kúlà tó já lé mi lórí, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé wọn.

Ìyá Kudi jẹ́ mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò wojú mi. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń yẹ orúkọ àwọn tó wo status àwọn wò, tèmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, mo ti rí ẹlòmíràn tó ń tajà fún mi.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé àwẹ̀ ọjà tí mo ń gbà ló jẹ́ kí n pa status wọn dé. Ojú wọn wá bọ́ sára kúlà.

"Háà! Ṣebí ọ̀dọ̀ mi lo ti ra eléyìí láti èṣí? Ọ̀rá ṣì wà lára ìdérí ẹ̀!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ di ẹsẹ̀ mú. "Ìyá Sófíà, bí gbogbo yín bá gbààwẹ̀ báyìí, kí lèmi ó máa jẹ?"

Ṣé wọ́n parọ́ ni? Mo ní mi ò ní rajà, ṣùgbọ́n màá bá wọn tà á. Bí mo ṣe ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní gbogbo Sátidé nìyẹn, tí mo jókòó sáàárín kúlà!

Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀pá rìn wá jókòó tì mí. Lọ́jọ́ náà, oníbàárà kan bi mí pé kúlà wo ló dáa jù. Mo bi í pé ṣé kò ní ọ̀kan nílé ni? Ìyá Kudi pariwo: "Ẹ gbà mí o! Gba àwẹ̀ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, má fi oníbàárà mi kún un!"

Iléyá dé, POP ti kúrò. Mi ò ra kúlà. Èyí tó já lé mi lórí ni mo fi gbé ẹran lọ fún wọn, mo sì ti ya ọ̀rá ara rẹ̀ dànù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọjà ni mo fẹ́ yẹra fún, ènìyàn ni mo wá lọ yẹra fún. Ká ní mo ti sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, wọn ì bá bú mi díẹ̀, kó sì tán síbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀? Ta lẹ sì ti pa status rẹ̀ dé? Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá àlàáfíà ló wà, kí ẹ tó wá fún mi lésì.