Ohun Tí Òṣómàáló Rí Lára Káàdì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu ṣì ń yà mí di báyìí!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni gbogbo ọ́fíìsì wa l'Óṣogbo máa ń bi ní ọ̀rọ̀ káàdì àti áàpù báǹkì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi o, mo kàn fẹ́ràn kí n máa ka àwọn lẹ́tà wínníwínní táwọn èèyàn máa ń fò ni.

Nígbà tí báǹkì fún mi ní káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn, mo fi ra sólà àti bátìrì ní Alékúwodò, ₦300,000 géérégé. Wọ́n ní ó kéré tán, kí n máa san ₦15,000 lóṣooṣù. Mò ń san án. Mi ò fi ọjọ́ kan pẹ́ rí!

Nígbà tó pé ọdún kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Wọ́n kí mi kú oríire! Wọ́n ní nítorí pé mò ń san déédéé, mo lè rajà dé ₦600,000 báyìí. Kíá, mo ti lọ yan fíríísà. Mo ní kí ẹni tó ń tà á bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kí bàbá mi. Òṣómàáló ni wọ́n nígbà èwe wọn, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, wọn ò ní dìde títí yóò fi sanwó. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún wọn kí wọ́n lè ṣàdúrà fún mi.

Bàbá ò ṣàdúrà. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ta ló ń wá gbowó náà?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń wá, báǹkì ló ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń lóṣòó tì ọ́? Ó ku èló?"

Ẹ gbà mí! Èmi tí mò ń ka lẹ́tà wínníwínní, iye tí mo máa san nìkan ni mo máa ń wò! Mo ṣí áàpù. ₦234,291! Mo ti san ₦180,000, ₦65,709 péré ló dín lára gbèsè. Nínú ₦15,000 àkọ́kọ́ tí mo san, èlé ti kó ₦10,500 lọ!

Mo rò pé Bàbá á bú mi. Wọ́n kàn sorí kọ́ ni. Wọ́n ní onígbèsè tí àwọn lóṣòó tì kọ́ ni àwọn fẹ́ràn. Inú á bí ìyẹn, á san gbogbo rẹ̀, á sì bọ́. Ẹni tí àwọn fẹ́ràn ni ẹni tó ń mú díẹ̀díẹ̀ wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Kó tó san tán, àwọn á ti gbé aṣọ mìíràn lé e lọ́wọ́.

"Obìnrin kan wà, àkọ́bí rẹ̀ ń rá nígbà tó gba aṣọ àkọ́kọ́. Ọmọ yẹn lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ ò tíì san tán. Gbogbo ìgbà ni mò ń yìn ín pé kò sí oníbàárà bíi tirẹ̀. Owó rẹ̀ wà lára èyí tí mo fi rán ọ níwèé."

Bàbá tèmi, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ!

Nígbà tí mò ń lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí inú bí ọ, kí o san án tán."

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ẹni tó ń ta fíríísà pé kó tà á fún ẹlòmíràn. Mo ti káàdì náà pa lórí áàpù, mo sì kọ ₦600,000 wọn. ₦40,000 ni màá máa san lóṣooṣù báyìí. Mo ti ṣírò rẹ̀: oṣù méje ló máa gbà kó tó parí, owó ìkẹyìn ò ní ju ₦27,000 lọ. Ojú á pọ́n mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lópin.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ má kàn máa béèrè iye tí ẹ máa san lóṣù yìí, ẹ béèrè iye tó kù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ lọ ṣí áàpù yín, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa. Ṣé wọ́n ti kí ẹ̀yin náà kú oríire gbèsè rí?