Ìborùn tí Wọ́n Dè Mọ́ Bàbá Mi Lọ́rùn

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé "àṣírí bò", inú á kọ́kọ́ bí mi ná. Mo mọ̀ pé ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ṣùgbọ́n torí pé a fẹ́ bo àṣírí la ṣe ba ẹnu bàbá mi jẹ́, nínú pálọ̀ wọn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lójú mi kòrókòró.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá mi ní Òdogbolú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn náà ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn wọn ò nílò ẹ̀rọ rárá. Ọdún tí àwọn ológun padà gba ìjọba ni egbò yọ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Eyín la pè é. Ìgbà tí dókítà máa fi pè é ní jẹjẹrẹ, ó ti ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde síta. Ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe làkálàkà tọ alábẹ. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn.

Oníṣẹ́ abẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó sì fi ẹran àyà wọn dí ihò tó kù. Kò gé ẹran náà já o. Ó ṣí i láti àyà, ó gbé e gba iwájú ọrùn lọ sókè, ó rán orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí rẹ̀ ṣì wà ní àyà, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà gòkè lọ bọ́ ọ. Tó bá ti mú dáadáa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á wá gé e ní agbedeméjì. Bẹ́ẹ̀dì ò tó ní wọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá ní ká lọ dúró sílé. Dókítà na ìka sí mi: "Ohunkóhun ò gbọdọ̀ fún ọrùn bàbá yín. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá gòkè, ẹran yẹn á kú."

Lóòótọ́, kò dùn ún wò. Ẹran náà là kọjá lọ́rùn wọn, ó nípọn bí apá ọmọdé. Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀, síléètì ni wọ́n fi ń bá mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ ọ́ pé, "Irun àyà mi ti di irùngbọ̀n, ọ̀fẹ́ sì ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ti tètè dé láti Ìbẹ̀fun. Wọ́n wo àbúrò wọn, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ṣé báyìí ni àlejò máa bá ọmọ bàbá mi? Kí wọ́n máa fi í ṣèran wò?"

"Màmá, dókítà ní ká má fi nǹkan kan wé ọrùn wọn o."

"Dókítà Ìbàdàn ló ń gbé àárín àwa ará Ìjẹ̀bú ni?"

Mo lọ po ògì lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí mo fi padà, àwọn àgbà ìjọ ti jókòó, ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀nà tó bàjẹ́. Màmá ti fi ìborùn ara wọn wé bàbá mi láti àgbọ̀n dé àyà, wọ́n ta á ní kókó lẹ́yìn ọrùn, gírígírí, bí ẹni ń di ẹrù. Bàbá mi ń fi síléètì gbá apá àga, kọ́, kọ́, kọ́.

"Ẹ kú ìnira o, ọ̀gá," ni àgbà kan ń wí. "Olúwa yóò wò yín sàn."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Wọ́n rò pé bàbá mi ń kí àwọn ni! Torí ọmọlúàbí ni wọ́n, kò sẹ́ni tó wo ojú bàbá mi. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Ìwà ọmọlúàbí wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Mo ju abọ́ ògì sílẹ̀. "Màmá, ẹ tú u! Ẹ tú u kíá!"

"Èmi lo ń pariwo mọ́ lójú àlejò?"

Mo sáré dé ẹ̀yìn bàbá mi. Eyín ni mo fi já kókó náà. Ẹran ọrùn bàbá mi ti dúdú bí ẹ̀dọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ lẹ́yìn mi pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́.

"N ò ní in," ni mo wí. "Ẹ máa lọ sílé yín."

A wọ takisí lọ Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹran náà yè, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan kú, ní ẹ̀gbẹ́ ètè gan-an, dókítà ní kò sí ohun tí òun tún lè fi dí i. Láti ìgbà náà, bí bàbá mi bá mu omi, á máa dà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà sá. Màmá ò sì yéé sọ káàkiri pé, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ló jẹ́ kí àṣírí àbúrò àwọn bò.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí dókítà ti gé ẹran náà kúrò lọ́rùn wọn, bàbá mi ní àwọn ló máa ka Bíbélì. Àwọn àgbà ìjọ bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi sílẹ̀, bàbá mi kọ̀. Wọ́n gòkè lọ, ojú wọn gbangba. Ẹsẹ méjì ò tíì pé tí itọ́ fi ń dà sórí ìwé. Bàbá mi ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, wọ́n fa ìborùn Màmá yọ, wọ́n fi nu ẹnu, wọ́n ń kà á lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà la ò gbọ́. Mo gbá àga iwájú mi mú, inú ń bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Nígbà tí a jáde, Màmá wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rọra na ọwọ́.

"Dá ìborùn mi padà, àbúrò mi. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Bàbá mi tún nu ẹnu wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni wọ́n wí. "Mo ṣì ń lò ó."