Géèmù Ẹni Mẹ́rin Tí Mo Ṣe ní Kalikak

Oṣù keje tí mi ò tíì kọjá ojúde ilé ẹ̀gbọ́n mi ni géèmù náà kọ́kọ́ ṣeé gbá. Káàdì ìgbélùú mi ti tán, ìwé tí wọ́n ní kí n máa fi dúró de tuntun náà ti tán, àwọn ọlọ́pàá sì ń dá takisí dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti mú mi lẹ́ẹ̀kan rí lọ́nà ìlú Ntoum. Látìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n jókòó sílé.

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni ilé náà ní, ní àdúgbò Kalikak ní Libreville. Èmi àti ìyá ìyàwó rẹ̀ la jọ ń sùn ní yàrá kan. Nàgó láti orílẹ̀-èdè Benin ni Màmá, orúnkún ò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣọ́lé.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi ṣá. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní àdúgbò Glass ló ní kí n ṣe géèmù tí ìdílé lè jókòó sórí àga gbọọrọ kan gbá pọ̀, ẹni mẹ́rin nídìí tẹlifíṣọ̀n kan, tọmọdé tàgbà, láìsí ìbọn, láìsí ẹ̀jẹ̀. Mi ò ronú jìnnà. Nínú géèmù náà, omi òjò ya wọlé, ẹni mẹ́rin di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀dì kan mú, wọ́n fẹ́ gbé e jáde. Bí ọ̀kan bá fà á sọ́tùn-ún, tí èkejì fà á sósì, bẹ́ẹ̀dì á há. Ẹni tó bá ṣubú sómi á máa wòran títí eré á fi parí.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, gbogbo wa jókòó láti dán an wò. Ẹni mẹ́ta ni àga wa gbà. A fún ara wa pọ̀. Màmá di páàdì tí a fi ń darí géèmù mú bí ẹni di abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mú. Kò pẹ́ tó fi ṣubú.

"Kí ni kí n máa ṣe báyìí?" ló bi mí.

"Ẹ máa wòran, Màmá."

"Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń wòran." Ó gbé páàdì kalẹ̀.

Àwa mẹ́ta tó kù dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì há. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó òun ló ń fà á sẹ́yìn, ìyàwó ní òun kọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká sún díẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. Libreville níbí ni wọ́n bí i sí, Faransé yá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi sọ eléyìí, díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ lo há nílé yìí. Oṣù méje. Mi ò ríbi jókòó ní pálọ̀ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi pa tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n níbo ni mo fẹ́ lọ? Ilé ìdáná ni mo dúró sí, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lóde. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Màmá tọ̀ mí wá, ó ń fọwọ́ ti ògiri. "Ó ti rẹ ọmọ mi ni, kì í ṣèkà. Ẹni tó ṣubú sómi yẹn, ṣé kò lè máa ti bẹ́ẹ̀dì látìsàlẹ̀ ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ṣubú á máa lúwẹ̀ẹ́, á máa ti bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ omi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí, èmi náà ò retí ẹ̀bẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí, ó ní omi náà dúdú jù, ẹ̀rù á ba ọmọdé. Mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé géèmù náà lọ sí ọ́fíìsì ní Glass, mi ò lè bá wọn lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ takisí. Mo fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó kàn gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á kí n lè máa gbọ́. Ẹ̀rín ni mo gbọ́, àti Màmá tó ń fi Nàgó pàṣẹ fún ọ̀gá ọ́fíìsì pé kó tì í, kó tì í dáadáa. Ọkùnrin náà gba géèmù. Nígbà tí wọ́n dé, mo bi wọ́n bí ojú ọ̀gá náà ṣe rí nígbà tó ṣubú sómi nínú géèmù, oníkálukú sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni káàdì mi jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sìn mí lọ gbà á. Nígbà tí a bọ́ sóde, ó bi mí níbi tí mo fẹ́ lọ. Mo ro ó títí, mo ní ká padà sílé.