Eré Àárọ̀ ní Òsákà

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan, abúlé ọkọ mi la ń gbé, lẹ́yìn Adégbayì, níbi tí ọ̀dà títì ti pin tí erùpẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń sáré, kí n tó wẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ kankan. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí mo bá ti sáré dé ìdí igi ọsàn tí mo sì padà, ara mi á fúyẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ò sì ní lè bí mi nínú títí di ọ̀sán.

Àfi ìyá ọkọ mi tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ẹran tó bá dára jù nínú ìkòkò, tèmi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ bàtà kánfáàsì mi, ojú wọn á le. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ rán mi lọ kọ́ ìtọ́jú ẹ̀wà sóyà ní Òsákà, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, wọ́n gbàdúrà fún mi títí, wọ́n wá fi kún un pé:

"Ìyàwó mi, tí o bá ń bọ̀, eré àárọ̀ yẹn, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ní abúlé yìí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, màámi." Mi ò sọ pé mo gbà, mi ò sọ pé mi ò gbà. Ọkọ mi ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá dé. Inú bí mi gan-an. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n, pé wọn ò fẹ́ kí ará abúlé máa wo ìyàwó ilé wọn tó ń sáré kiri nínú ṣòkòtò. Mo ki bàtà mi bọ àpótí, mo sì gbéra.

Òsákà! Mi ò rí ìlú tí ojú rẹ̀ là tó bẹ́ẹ̀ rí. Iná aláràbarà ń tàn lára ilé, àwọn tó ń tajà ń pe oníbàárà bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni ọdún. Wọ́n ń dín àkàrà róbótó kan lẹ́bàá títì, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n gé sínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, ó jó mi lẹ́nu, mo tún rà sí i. Ìyá ọlọ́mọ á gbé ọmọ síwájú kẹ̀kẹ́, á gbé ẹ̀fọ́ sẹ́yìn, á sì máa wa tirẹ̀ lọ wẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bàtà mi, mo gba etí odò lọ. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo rí agbo èèyàn kan tí wọ́n ń sáré bọ̀, tọkùnrin tobìnrin, ojú gbogbo wọn le koko. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Nílé wa, tí o bá rí agbo tó ń sáré bọ̀, o kì í dúró béèrè. Wàá kọ́kọ́ yí padà ná. Mo bá yí padà, mo fi eré sí i! Mo ń sá, mo ń bojú wẹ̀yìn, bóyá sójà ni, bóyá iná ni. Nígbà tí èémí mi fẹ́ pin ni ìyá àgbà kan, tí irun wọn funfun bí òwú, sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tẹrí ba kí mi, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Eré ìdárayá ni. Èmi tí mo ń sáré láràárọ̀ nílé! Mo jókòó sétí odò, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Láti ọjọ́ náà, èmi àti ìyá àgbà yẹn la jọ ń sáré. A ò gbọ́ èdè ara wa. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, àwọn náà á tẹrí ba. Mo tún kúnlẹ̀, wọ́n tún tẹrí ba, títí àwọn tó ń kọjá á fi máa wò wá. Inú mi dùn lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá padà sílé, kò ní sí eré mọ́.

Nígbà tí mo dé, mo sọ ìtàn agbo yẹn fún wọn nílé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo èèyàn yẹn ń sáré láàárọ̀ kùtù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

"Kò sì sẹ́ni tó kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, màámi. Ara líle ni wọ́n ń wá."

Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n kan tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa lọ́nà Ifẹ̀ kí n tó wọlé wọn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí ìròyìn náà ṣe dé ilé. Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, díẹ̀díẹ̀: pé ẹni tó wá túfọ̀ fún wọn, eré ló sá wá láti Adégbayì, láàárọ̀ kùtù, àti pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹsẹ̀ rẹ, ìyàwó mi. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á ti já kí n tó rántí pé ìwọ ni."

Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè gbójú sókè. Mo ní, "Màámi, ó ti tán. Mi ò ní sáré mọ́." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, bó tilẹ̀ dùn mí.

Wọ́n bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó ń mú irú ìròyìn yẹn bọ̀ kì í kọrin. Tí o bá ti ń yọ ní kọ́nà tó wọ ilé wa yẹn, máa kọrin bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Nígbà tí mo dé kọ́nà, mo dá orin tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ohùn mi ha, èémí ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì, orin náà ò dùn rárá. Láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀, ìyá ọkọ mi gbè é.