Àwòrán Bẹ́ǹṣì Tí Kò Sí Nínú Fíìmù

Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo tilẹ̀ mọ orúkọ ìyá àwọn mìíràn nínú wọn. N kò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, kò yẹ kí n to orúkọ ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ọkọ mi kú. Lucan, lẹ́bàá Dublin ní Ireland, ni à ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa. Ẹrù ni ọkọ mi ń tò ní èbúté Dublin títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ayàwòrán ni kí a tó wá síbí. Òun ló ń ya àwọn àwòrán gàgàrà tí wọ́n ń gbé síwájú ilé sinimá kan ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Íńdíà kan tí gbogbo ìlú ń wọ́ lọ wò. A ò gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ a mọ orin inú ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin kan ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ ní ibùdó rélùwéè. Ìyàwó rẹ̀ bínú lọ. Lójoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń dúró dè é.

Àléébù kan ló wà níbẹ̀. Apá ìkẹyìn fíìmù náà ti jóná sínú ẹ̀rọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ṣe ń wọlé báyìí ni iná máa tàn, tí a ó sì máa pariwo, "Ẹ parí ẹ̀ fún wa! Ṣé ó dé àbí kò dé?" Ayàwòrán yìí á wá dìde, ọ̀dà lára ṣòkòtò rẹ̀, á sọ ìyókù fún wa. Ó ní obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì jọ jẹ máńgòrò kan. Inú gbogbo èèyàn á dùn lọ sílé. Èmi ò wo fíìmù mọ́ nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tí a fẹ́ra, ó ya àwòrán bẹ́ǹṣì yẹn fún mi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Àárín aṣọ ni mo tọ́jú ẹ̀ sí wá sí Ireland.

Lọ́dún tó kọjá, mo rán an níṣu ní ọjà Moore Street. Kò ra iṣu bọ̀. Fíìmù náà ló rí nínú ṣọ́ọ̀bù Íńdíà kan tó ń ta èròjà ọbẹ̀, lórí àwo DVD. Ó dá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, ó pè mí.

"Ìyàwó, wá jókòó. Nǹkan kan wà nínú fíìmù yìí tí mo fẹ́ fi hàn ọ́."

"Mo mọ fíìmù yẹn ju ẹni tó ṣe é lọ."

"O ò mọ̀ ọ́n. Ṣáà wá ná."

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wà lórí fóònù, gbogbo wa fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ àti àwòrán, a ò sì tíì fojú kan ara wa rí. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó di ọ̀la, bàbá," mo ní. N kò gbójú sókè.

"Grand," ló fèsì, bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ ọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ní kò burú, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò padà wálé. Mo ti àwo náà sínú press, bí wọ́n ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbí, sẹ́yìn agolo tíì.

Àwọn ọ̀rẹ́ orí fóònù yìí kò fi mí sílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà tán láàárín wa, mo ya fọ́tò àwòrán bẹ́ǹṣì náà, mo fi ránṣẹ́, mo sì ní ibi tí fíìmù náà parí sí nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ẹlẹ́nu mímú kan tó ń gbé ní ìlú Cork, béèrè bóyá èmi àti ọkọ mi jọ wò ó kó tó kú.

Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Sunday. Ó di ọwọ́ mi mú títí ó fi parí."

Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa, ọmọdé ni lójú mi, kọ̀wé pé, "Mummy, irú ìyàwó bíi yín ṣọ̀wọ́n." Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń ṣí i kà. Ó ń dùn mọ́ mi nínú, ó sì ń gún mi.

Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló ní ká jọ wo fíìmù náà. Àwọn ọmọ Íńdíà ló ń bá gbélé, wọ́n ti bá a wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀sán Saturday kan, oníkálukú tan tiẹ̀ nílé, èmi yọ àwo ọkọ mi jáde nínú press, a ṣí fóònù sílẹ̀, òun wá ń tú èyí tí wọ́n kọ ní Òyìnbó sísàlẹ̀ sí Yorùbá fún wa.

"Irú ọkùnrin wo lèyí?" Obìnrin Cork ni. "Kí ló dé tí kò wọkọ̀ tẹ̀lé ìyàwó ẹ̀? Àbí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́ ni?"

"Ẹ̀yin mummy yìí, ẹ jẹ́ n gbọ́ nǹkan tí mò ń tú!"

Ọkọ̀ ojú irin wọlé. Mo ń retí kí iná tàn. Fíìmù ń lọ. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́nì kankan lórí bẹ́ǹṣì, àfi ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n tò síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bá a sọ̀rọ̀.

Ohùn nọ́ọ̀sì wálẹ̀. "Ó ní ọkọ ẹ̀ ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin náà ní... ó ní òun rò pé àyè ṣì wà."

Ibẹ̀ ló parí sí.

"Mummy," nọ́ọ̀sì pè mí, "ibi tí wọ́n ti jẹ máńgòrò ńkọ́? Àwòrán yẹn?"

"Ṣebí ẹ wò ó lọ́jọ́ Sunday," obìnrin Cork ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ sùn lọ ni?"

Ọ̀nà àbáyọ ló là fún mi yẹn. Mo ti lanu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sùn lọ.

"N kò wò ó," mo ní. "Ó pè mí, mo ní ó di ọ̀la. Ẹ̀yin ni mò ń bá ṣeré lórí fóònù. Kò dì mí lọ́wọ́ mú. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Obìnrin Cork ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ pa irọ́ máńgòrò fún gbogbo Ìbàdàn, ìyàwó náà wá pa tiẹ̀ fún àwa. Ẹ bára yín mu, ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Wọ́n ní àwọn dárí jì mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni mo sọ fún pé ó di ọ̀la.

N kò mọ̀ bóyá ó ti mọ òpin fíìmù náà láti Ìbàdàn, tó kàn fẹ́ ká lọ sílé tayọ̀tayọ̀, tàbí orí àwo Moore Street yẹn ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ bẹ̀ mí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rín ló fẹ́ ká jọ rín. Òun ló lè sọ ọ́, èmi ni n kò sì jẹ́ kó sọ.

Nígbà tí wọ́n kúrò lórí fóònù tán, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Ọkọ mi ló ya èyí. Kò sí nínú fíìmù." Mo fi ránṣẹ́. Mo wá gbé fóònù lọ sínú press, sẹ́yìn agolo tíì níbi tí àwo náà wà tẹ́lẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì padà lọ tan fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀.