Ohun tí Màmá Àgbà Sọ Lórí Omi

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi òkun ilẹ̀ Nọ́wè. Omi náà tutù débi pé mo ké, Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, sì fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ epo tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt ló rán wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì ní kí àwa tó kù wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn. Èmi nìkan ni wọ́n bí, nítorí náà àwa mẹ́rin náà nìyẹn: bàbá mi, màmá mi, Màmá Àgbà àti èmi. Màmá Àgbà ò wọ bàálù rí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀ kì í ṣú bọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ará ibí yìí máa jẹ gbèsè oorun o. Bàbá mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ìtumọ̀ ni mo fi ń gbọ́ Màmá Àgbà nígbà náà. Ní Elekahia, àdúgbò tí mo dàgbà sí ní Port Harcourt, Pidgin la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà, òun náà la fi ń ra bọ́ọ̀lì àti ẹja lẹ́bàá títì. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí mi ń bá mi sọ nínú ilé, kí n lè yege nílé ìwé. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ àṣírí láàárín ara wọn. Nígbà tí Màmá Àgbà bá wá kí wa, mo ti dá ọgbọ́n kan: bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ, n ó máa mi orí, bí wọ́n bá dákẹ́ tí wọ́n ń retí èsì, n ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Wọn ò rí mi mú rí. Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí, láìmọ̀ pé ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bàbá mi ti sanwó fún ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìjókòó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Màmá mi dúró sórí yanrìn, wọ́n ká apá mọ́ra. “Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀,” ni wọ́n wí fún bàbá mi, “èmi tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá ńkọ́?” Ẹ̀bẹ̀ ni bàbá mi fi mú wọn wọnú ọkọ̀. Màmá Àgbà ò dúró de ẹ̀bẹ̀ kankan. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, etí omi ni wọ́n ti bí wọn, kí wọ́n tó lọ fẹ́ bàbá bàbá mi ní Oǹdó lókè. Wọ́n ti jókòó síwájú ọkọ̀ kejì kí òyìnbó tó ń tọ́ wa sọ́nà tó rí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wọ̀ fún wọn. Wọ́n gbé àjẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ní orí pẹlẹbẹ lápá ọ̀tún, ó tún ní lápá òsì, wọ́n sì bi bàbá mi pé ta ló ni ìkejì. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn wọn.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Màmá Àgbà nìkan ni mò ń rí. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti parọ́rọ́ láàárín àwọn òkè, tí ọkọ̀ àwọn òbí mi sì ti ṣáájú lọ jìnnà, wọ́n gbé àjẹ̀ wọn lé orí itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Wọn ò pariwo, wọn ò yí ojú padà. Wọ́n nawọ́ sí omi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo rò pé omi òkun ló ta sí wọn. Mò ń wa ọkọ̀, mò ń mi orí bí ẹni pé wọ́n ní ojú lẹ́yìn. Níkẹyìn wọ́n dákẹ́. Mo mọ̀ pé èsì ni wọ́n ń retí.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ṣé, ọkọ mi,” ni wọ́n dáhùn. Ìyẹn yé mi. Wọ́n gbé àjẹ̀ wọn padà, wọ́n sì ń kọrin títí a fi dé èbúté.

Nígbà tí gbogbo wa padà dé Port Harcourt, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe wá sọ fún mi nígbà tó yá, Màmá Àgbà sọ fún wọn pé, “Èmi àti ọmọ rẹ ti sọ ibi tí ẹ ó sin mí sí. Bí ọjọ́ bá pé, òun ni kí o bi.” Bàbá mi ní, “Ẹ ò ní kú o, Màmá. Ẹ máa pẹ́ fún wa.” Màmá Àgbà ní, “Ìdí tí mi ò fi bá ọ sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ yẹn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì gbà.” Bàbá mi fi ṣe ẹ̀rín, wọn ò sì bi mí léèrè, torí ta ló fẹ́ máa wádìí sàréè ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá ṣì ń jẹ ẹ̀bà?

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lù wọ́n, tó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ará Ìlàjẹ wá, wọ́n ní kí á gbé ọmọ àwọn padà sétí omi. Àwọn ará Oǹdó ní aya àwọn ni, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni yóò sùn. Bàbá mi pè mí wọ yàrá.

“Kí ni Màmá sọ fún ẹ nínú ọkọ̀ yẹn? Ibo ni wọ́n ní ká sin àwọn sí?” Mò ń wò wọ́n. Wọ́n yí i padà sí Pidgin. “Abeg, wetin Mama tell you for inside that boat?”

“Daddy, I no know. I no hear wetin she talk.”

“But she say you gree.”

“Na just bẹ́ẹ̀ ni I dey talk.”

Bàbá mi jókòó sórí ibùsùn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí wọ́n kúkú nà mí. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, “Èmi ni mo fà á,” wọ́n sì ní kí n máa lọ.

Oǹdó la sin Màmá Àgbà sí. Àbúrò wọn ọkùnrin láti Ìlàjẹ ò jẹun, kò mu omi. Ó kàn ní, “Ẹ ti gbé ọmọ omi gun òkè,” ó sì wọkọ̀ lọ.

Ìgbà tí mo di agùnbánirọ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni mo tó gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ló kọ́ mi, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí ó tó yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Elelenwo ní Port Harcourt, ti ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn: “Ṣé o ò tíì rántí nǹkan kan?” Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ náà lè yé mi lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Mo gbìyànjú. Mo dijú nígbà púpọ̀. Ohùn Màmá Àgbà wà létí mi, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò sí. Ó máa ń dùn mí wọ egungun.

Kérésìmesì tó kọjá, ara bàbá mi ò yá, ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n tún bi mí. Àánú wọn ṣe mí, mo sì purọ́. Mo ní, “Mo ti rántí, Bàbá. Màmá ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn ni kí ẹ tẹ́ àwọn sí, kí ọkàn yín balẹ̀, kí ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà.” Mo ti tò ó jọ lọ́kàn mi láti Ìbàdàn tí mò ń gbé, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ lé ọwọ́ mi. “Yorùbá ẹ ti dára gan-an,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n Màmá kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Màmá kì í dùn tó bẹ́ẹ̀.”

Mo ti lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà. À ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, à ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn máa ń sú mi tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń gbàdúrà kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọn ò gbàgbé. Wọ́n kàn ò bi mí mọ́ ni.